Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ṣé Ọmọ Yín Mọ Orúkọ Yín?

Ẹ pe ọmọ ọdún márùn-ún kan nínú ilé yín, kẹ́ ẹ bi í pé, "Kí lorúkọ mọ́mì ẹ?" Mo ti bi àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti tàwọn ọ̀rẹ́ mi wò. "Mọ́mì ni," lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi dá mi lóhùn. A jọ rẹ́rìn-ín ni. Àṣà wa náà ni, ọmọ tó mọ ìwà hù kì í pe òbí rẹ̀ lórúkọ. Àmọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sọnù sáàárín èrò lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú ń sá, ta ni ẹni tó rí i fẹ́ bá a wá?

Ẹ má wò ó bí àwàdà o. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìíní, ọdún 2002, iná ràn mọ́ ibi tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun n'Ìkẹjà, l'Ékòó. Bọ́ǹbù ń dún, fèrèsé ń fọ́, ilẹ̀ ń mì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ṣáà ń sá. Nínú òkùnkùn ni wọ́n ti já sínú kánáálì Òkè-Afá, tí ewéko ti bo ojú omi rẹ̀ pátá. Ìròyìn ní àwọn tó kú lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, bọ́ǹbù ò kàn wọ́n rárá. Sísá láìmọ ibi tí wọ́n ń sá lọ ló pa wọ́n.

Ẹ má sì sọ pé Èkó nìkan ni. Ní 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, omi Ògùnpa gbá ilé àtèèyàn lọ n'Ìbàdàn. Ní 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ nílùú kan náà, ó lé ní 100 èèyàn tó bá a lọ. Ní alẹ́ 16 oṣù Kìíní, ọdún 2024, ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sílé kan níbẹ̀. Ẹni tó jókòó sílé ara rẹ̀ ò mọ ohun tí aládùúgbò kó sí yàrá.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tọ́rọ̀ dé fún yín. Abala 14(2)(b) ìwé òfin ilẹ̀ wa tọdún 1999 ní ààbò àti ìgbáyégbádùn aráàlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n abala 6(6)(c) ìwé òfin kan náà ò jẹ́ kí kóòtù dá ẹjọ́ lórí apá ibi tọ́rọ̀ yẹn wà. Gbèsè wà lọ́rùn ìjọba lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò lè fi abala yẹn nìkan sìn ín ní kóòtù. Kí wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá, kí wọ́n ra ọkọ̀ panápaná, a ò ní yéé pariwo ẹ̀. Síbẹ̀, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lẹ máa dá wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! A ò ní rí ibi." Àmín o. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó kọ́ wa ládùúrà náà ló sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ ò lè sáré, ìmọ̀ tó ti ní tẹ́lẹ̀ ló máa gbà á. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ wa náà rí, ẹsẹ̀ wọn ò gùn. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ ewu fọ́mọ rẹ̀ ò fi ìyẹn pe ewu wálé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Kí ọmọ mọ orúkọ rẹ̀, tiyín, àdírẹ́sì yín, àti nọ́ńbà fóònù kan lórí. Ẹ fi nọ́ńbà náà ṣe orin fún un, orin kì í pẹ́ mọ́ ọmọdé lórí. Kó mọ̀ pé 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, àti pé l'Ékòó, 767 náà wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ibi ìpàdé méjì: ọ̀kan nítòsí ilé, bí iwájú mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, ọ̀kan lọ́nà jíjìn, bí ilé àǹtí wọn ní àdúgbò mìíràn. Kó má ṣe wà létí odò tàbí kánáálì. Ẹ jọ rìn ín lẹ́ẹ̀kan.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Irin tẹ́ ẹ fi dí olè lójú fèrèsé lè dí ẹ̀yin náà mọ́lé tí iná bá sọ. Kí kọ́kọ́rọ́ ní ibi kan ṣoṣo tó máa ń wà, kí ọmọ tó ti gbọ́njú mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Tí lánlọ́ọ̀dù bá ń ti géètì lálẹ́, ẹ bi í pé ta ló ní èkejì kọ́kọ́rọ́ náà.

Ẹ sọ fún wọn pé tíná bá ń jó, wọn ò gbọdọ̀ sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n rá kòrò jáde lábẹ́ èéfín ni. Tí gáàsì bá ń rùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan iná tàbí pa á. Kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí wọ́n bọ́ síta. Wọn ò sì gbọdọ̀ bọ́ sínú àgbàrá tó ń ṣàn, bó ti wù kó kéré lójú tó.

Ẹ fi báàgì kan sẹ́bàá ilẹ̀kùn: tọ́ọ̀ṣì, omi, oògùn ẹni tó ń lo oògùn, ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí nínú ọ̀rá, àti owó díẹ̀ lówó, torí POS ò ní ṣiṣẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì bímọ, ẹ̀yin làwọn àbúrò àti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu jù. Iṣẹ́ yín náà ni, jàre. Lálẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ pe àwọn ọmọ jọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ṣe é bí eré, ẹ̀rù ò ní bà wọ́n. Ọ̀sán kan òru kan ni ewu, àmọ́ ọmọ tó ti mọ ibi tó ti máa bá yín ti ní ibi tó ń sá lọ.