Ẹsẹ̀ Ta Ló Lọ́ra Jù? Ohun Tó Yẹ Kẹ́bí Bi Ara Wọn Kí Wọ́n Tó Lọ Ṣeré Lórí Òkè Yìnyín

Àwòrán kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní London ló fi í sórí WhatsApp ẹbí wa ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kọkànlá. Òkè ńlá kan tó ṣe ṣóńṣó ló wà nínú rẹ̀, yìnyín bò ó, abúlé kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tí iná ń tàn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ẹbí mi, ibí là ń lọ nínú oṣù Kejì o, táwọn ọmọ bá ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan." Zermatt lorúkọ abúlé náà, ní Switzerland. Matterhorn ni wọ́n ń pe òkè yẹn.

Kí n tó kà á tán, ìdáhùn ti ń wọlé. "Ẹ kú ìgbádùn o." "Ẹ má gbàgbé wa." Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní Ìkòròdú tiẹ̀ ti ń béèrè bóyá wọ́n lè bá òun ra jákẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn ni Màmá wa fi ohùn ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Wọ́n ti ní in lọ́kàn láti lọ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ wọn ò gùn rárá: "Ṣé èmi náà máa yọ̀ wálẹ̀ látorí òkè ni, àbí inú ilé lẹ máa tì mí mọ́?"

A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ẹ̀rín tán, mo rí i pé Màmá nìkan ló béèrè ìbéèrè gidi. Òkè ni gbogbo àwa yòókù ń wò, kò sẹ́ni tó wo àwọn tó fẹ́ gùn ún.

Èrò tèmi rèé. Ìrìn-àjò ẹbí lọ sórí òkè yìnyín kì í bẹ̀rẹ̀ látorí òkè. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù nínú ẹbí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìwé tí ẹni yẹn ní lọ́wọ́, ibi tí ara rẹ̀ lè gbé e dé àti ohun tó máa fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ abúlé tẹ́ ẹ máa lọ, ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ àti iye tẹ́ ẹ máa ná. Tẹ́ ẹ bá fi tirẹ̀ sẹ́yìn, owó lẹ máa fi kọ́gbọ́n. Ṣebí àwọn àgbà ló ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní.

Ìwé ló kọ́kọ́ ń yọ̀ lulẹ̀

Nínú ilé àbúrò mi, oríṣi ìwé mẹ́ta ló wà. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò nílò físà láti lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Switzerland. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, pẹ̀lú ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì. Màmá ní físà àbẹ̀wò Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ẹni tó bá ti wọ London ti wọ Yúróòpù tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Switzerland, Faransé, Austria àti Ítálì, tí wọ́n jọ pín àwọn òkè Alps, wà nínú àdéhùn Schengen. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen lọ́tọ̀, òfin sì sọ pé orílẹ̀-èdè téèyàn ń gbé ló ti yẹ kó béèrè fún un. Ọkọ àbúrò mi lè ṣe tirẹ̀ ní London. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ló yẹ kí Màmá ti gba tiwọn kí wọ́n tó wọ bàálù. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá dé London tán la ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, àfàìmọ̀ kí wọ́n má jókòó ti hítà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa wo fọ́tò àwọn ọmọ lórí fóònù.

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, Euro 90 ni àgbàlagbà ń san fún físà náà. Èèyàn lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 náà ni wọ́n sábà máa ń fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè gùn tó ọjọ́ 45. Wọ́n tún máa béèrè ìnṣọ́ránsì tó lè san ó kéré tán Euro 30,000 tí àìsàn bá dé. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ẹni tó fẹ́ lọ nínú oṣù Kejì, oṣù Kẹsàn-án ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kọkànlá ni àwòrán wa dé. Torí náà, kí físà tó jáde, ẹ má san owó òtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò ní dá padà.

Ohun tí ìpolówó ò ní sọ fún wa

Ẹ béèrè jínótáìpù gbogbo ẹni tó ń lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó la sábà máa ń fi ìyẹn ṣe, ṣùgbọ́n ó kan òkè náà.

Abúlé Zermatt fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 1,600 sókè ju ojú òkun lọ. Ọkọ̀ orí wáyà tó ń gbéra níbẹ̀ ń gbé èèyàn dé mítà 3,883, ibùdó ọkọ̀ orí wáyà tó ga jù lọ ní Yúróòpù nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Fún ẹni tó jẹ́ SS, otútù, àìmu omi tó àti afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lára ohun tó ń ta ìrora jí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì péjọ síbẹ̀. Kódà AS tá a máa ń sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é, àwọn dókítà ti rí lára wọn tí inú apá òsì dédé ń dùn lórí òkè gíga, torí pé ẹ̀jẹ̀ ò lọ dáadáa sí ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní spleen. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, AS ni. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí ò ní kí wọ́n jókòó sílé o. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n rí dókítà ṣáájú, kí wọ́n máa mu omi dáadáa, kí wọ́n má sì sáré gun ibi tó ga jù ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé.

Ohun kan tún wà táwa aláwọ̀ dúdú máa ń fojú kéré: oòrùn. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lè dá tó ìdá 80 nínú 100 ìtànṣán tó ń jó awọ ara padà sójú èèyàn. Ẹ ra ìpara, ẹ ra awò dúdú tó dáa, pàápàá fáwọn ọmọdé.

Abúlé wo?

Kò sí abúlé tó dáa ju gbogbo wọn lọ, èyí tó bá ẹbí yín mu ló wà. Val Thorens ní Faransé wà ní mítà 2,300, yìnyín kì í sábà wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi gíga yẹn náà lẹ máa sùn, ìyẹn ò sì rọrùn fún gbogbo ara. Àwọn abúlé tó wà nísàlẹ̀ rọjú, ṣùgbọ́n ayé ti ń gbóná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ooru débi pé ọ̀pọ̀ irú abúlé bẹ́ẹ̀ lórí Alps ti ojú ọ̀nà ski wọn pa, koríko ló kù níbi tó yẹ kí yìnyín wà. Fojú inú wo ọmọ tó ti ń ka ọjọ́ láti oṣù mẹ́ta, kó wá débẹ̀ bá ẹrẹ̀.

Ìdí tí mo fi gbà pé Zermatt ò burú fún Màmá ni pé abúlé náà ò ga jù, òkè rẹ̀ ló ga, nǹkan sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò ní ṣe ski. Wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ elépo wọlé. Abúlé tó ń jẹ́ Täsch ni onímọ́tò ti ń páàkì, tí rélùwéè á wá gbé e wọlé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń lo iná mànàmáná ló ń gbé èrò káàkiri ìgboro. Rélùwéè kan tún wà tó ti ń gun òkè Gornergrat láti ọdún 1898. Mítà 3,089 ló ti dúró, ṣùgbọ́n èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ ní Riffelalp, ní mítà 2,211, tí dókítà bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Màmá lè jókòó sínú oòrùn níbẹ̀, kí wọ́n mu tíì gbígbóná, kí Matterhorn wà níwájú wọn gbalaja, láìfi ẹsẹ̀ wọ bàtà ski rárá.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa: Switzerland wọ́n. Àwọn abúlé Austria sábà máa ń rọjú jù ú lọ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Tówó ò bá ká Zermatt, ẹ fi ìbéèrè kan náà wá ibòmíì: kí ni ẹni tí kò ní ṣe ski máa ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́?

Owó tó yẹ ká ná, àtèyí tí kò yẹ

Ẹ má ra pátákó ski, ẹ má ra bàtà rẹ̀, ẹ háyà wọn lábúlé. Ẹ háyà akoto náà. Ẹ yá jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó ti lọ rí. Ìbọ̀wọ́ tí omi ò lè wọ̀, ìbọ̀sẹ̀ gidi àti awò ojú ni kẹ́ ẹ fowó rà.

Níbi tí kò ti yẹ kẹ́ ẹ ṣahun ni tíṣà. Ọkọ tó wo fídíò lórí YouTube kì í ṣe tíṣà. Ó ń bọ̀ wá fi ìbínú kọ́ ìyàwó, ìyàwó á sì bọ́ bàtà sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléèwé ski ń gba ọmọ láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí náà ọmọ ọdún márùn-ún ti tó kọ́ ọ. Ní Switzerland, àwọ̀ búlúù ni ọ̀nà tó rọrùn, pupa le díẹ̀, dúdú wà fún àwọn àgbà ọ̀jẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì tó gba gbogbo òkè. Ẹ béèrè tàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà náà. Ìsinmi oṣù Kejì táwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbà sábà máa ń kọlu tàwọn ọmọ Faransé. Gbogbo ayé ló ń lọ, owó á sì fò sókè.

Kónílé lè padà relé

Ọdún 1865 ni èèyàn kọ́kọ́ dé orí Matterhorn. Àwọn méje ló gùn ún, Edward Whymper ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ẹnìkan yọ̀, okùn já, mẹ́rin nínú wọn ṣègbé. Gígun òkè ọ̀tọ̀, sísọ̀ kalẹ̀ ọ̀tọ̀.

Kì í ṣe pé eré ski àwọn ọmọ dà bíi ti Whymper, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dá níbẹ̀, hẹlikọ́pítà ló sì máa ń wá gbéèyàn nígbà míì. Káàdì ìlera GHIC táwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń mú rìn kì í san owó ìdóòlà lórí òkè. Ẹ ka ìnṣọ́ránsì yín dáadáa: ṣé ó kọ eré yìnyín síbẹ̀? Ní Ítálì, láti oṣù Kìíní ọdún 2022, òfin ni pé ẹni tó ń ṣe ski gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì tó máa sanwó tó bá ṣe ẹlòmíì léṣe. Àjò kì í dùn kónílé má relé.

Ṣé tiwa ni?

Ẹnìkan á ní, kí lọmọ Yorùbá ń wá lórí yìnyín? Ṣebí Seun Adigun àti Simidele Adeagbo gbé àsíá Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní ọdún 2018. Samuel Ikpefan náà ṣe ski fún Nàìjíríà ní Beijing lọ́dún 2022. Yìnyín kì í béèrè ìlú ẹni. Ohun tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ ara wa ni ìdí tá a fi ń lọ. Tó bá jẹ́ torí fọ́tò Instagram, ọ̀sẹ̀ kan ọ̀hún lè di gbèsè ọdún kan. Tó bá jẹ́ torí kí gbogbo ẹbí lè jọ rí nǹkan kan pa pọ̀, a jẹ́ pé ó yẹ kí gbogbo ẹbí wà níbẹ̀.

A ti tún ètò tiwa ṣe. Wọ́n ti sún un sí ìsinmi Àjíǹde, nígbà tí ọjọ́ ti gùn, tí otútù sì ti rọlẹ̀ díẹ̀, tí yìnyín ṣì wà lókè Zermatt. Màmá ti sún ìrìn-àjò London tiwọn náà sí oṣù Kẹta, wọ́n sì ti ń kó ìwé físà jọ ní Ìbàdàn. Físà lè máà jáde o. Tí kò bá jáde, àbúrò mi ti ní àwọn ò ní lọ lọ́dún yìí.

Lánàá, Màmá tún fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn lè wọ ìró àti bùbá lé jákẹ́ẹ̀tì yẹn lórí.