Kẹ́ Ẹ Tó Kọrí sí Alákìà: Pápákọ̀ Òfurufú Ìbàdàn

Láti Sámọ́ńdà

Àlejò tó bá wọ máíkírà gba Sámọ́ńdà, tó gbọ́ tí wọ́n ń pe ibẹ̀ ní "Old Airport", á máa wò yíká pé bàálù dà. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀. Bàálù ti balẹ̀ síbẹ̀ rí lóòótọ́, kí wọ́n tó kó pápákọ̀ lọ sí Alákìà, lọ́nà Ifẹ̀, nínú àwọn ọdún 1980. Ilé ti ká Alákìà náà mọ́ báyìí.

Orúkọ tuntun

Lọ́dún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ S. L. Akíntọ́lá sọ pápákọ̀ Alákìà. Ó bá a mu: kí olóògbé náà tó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó ti ṣe mínísítà ọkọ̀ òfurufú rí. Àmọ́ nínú ìsọlórúkọ kan náà, Port Harcourt ni wọ́n gbé orúkọ Awólọ́wọ̀ lọ! Àwọn àgbà Ìbàdàn tó rántí ìjà òṣèlú àwọn méjèèjì kàn rẹ́rìn-ín ni.

Àbújá ló tówó

Bàálù Èkó kì í lò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lófurufú. Ẹ wá ṣírò wákàtí tẹ́ ẹ fi dúró àti sún-kẹẹrẹ Ìkẹjà mọ́ ọn. Èmi ò rérè níbẹ̀. Àbújá lọ̀rọ̀ wà. Odindi ọjọ́ kan ni mọ́tò ń jẹ, ẹ̀rù ajínigbé tún ń bẹ lọ́nà.

Oòrùn àti ọyẹ́

Ọjọ́ pẹ́ tó jẹ́ pé bílẹ̀ bá ti ṣú, Alákìà ti tì nìyẹn. Bàálù ìrọ̀lẹ́ tó bá falẹ̀ lè má wá mọ́. Ọyẹ́ sì ń bọ̀ ní tiẹ̀, torí awakọ̀ gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀ kó tó balẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún kan, a jókòó láti aago méje àárọ̀. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé èlùbọ́ lọ fọ́mọ rẹ̀ l'Ábújá. Tó bá ti ṣe díẹ̀, á tẹ ọ̀rá náà wò bóyá ó ti bẹ́. Aago mọ́kànlá kọjá kí kùrukùru tó ká. Látìgbà náà, n kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àkọ́kọ́ lásìkò ọyẹ́, n kì í sì í ra ti ìkẹyìn lásìkò kankan.

Ẹ̀tọ́ yín

Bí bàálù abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí méjì lọ, òfin NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, fún yín láyè láti gbowó yín padà. Ẹ béèrè, àwọn iléeṣẹ́ bàálù kì í sábà fi lọni. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kẹ́ ẹ sì fi páwà báńkì sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe ẹrù tẹ́ ẹ máa fún wọn.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dáwọ́ lé àtúnṣe kí bàálù òkè òkun lè máa balẹ̀ sí Alákìà. Irú iṣẹ́ yìí máa ń da ètò ìrìnnà rú, nítorí náà ẹ pe iléeṣẹ́ bàálù yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé.