Pijó Wágọ́n àti Eré Ẹni tó Mọ Ọkọ̀ Rẹ̀

Ẹni tó bá dàgbà sí Àbújá bíi tèmi, tó sì máa ń bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sílé lọ́dún Kérésìmesì, kò ní pẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ́jọ́ tí a wọ Pijó 504 wágọ́n, tí à ń lọ sí Ìbàdàn. A kọjá Gwagwalada, a kọjá Abaji, ni Pijó mìíràn bá yọ sí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Awakọ̀ wa wò ó, ó tẹná. Onítọ̀hún náà tẹná. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn pariwo pé, "Dírẹ́bà, ilé là ń lọ o, a ò lọ sọ́run!" Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín ni. Nígbà tí a fi máa dé Koton Karfe, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ìgbà tó kó wa yọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé: báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ èwo ló yá jù nínú ọkọ̀ méjì, láìfi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́? Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn kan ti dáhùn ìbéèrè yìí ní Amẹ́ríkà.

IRÚ ERÉ WO NI?

Drag racing ni wọ́n ń pe eré náà. Ọkọ̀ méjì yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pápá títọ́ tí kò ní kọ́nà, wọn yóò sì sáré ìdámẹ́rin máìlì, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 402. Kò séwu ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, kò séwu ewúrẹ́ tó ń sọdá. Lẹ́yìn ìlà òpin, àyè gígùn ṣì wà tí ọkọ̀ yóò ti rọra dúró. Lọ́dún 1951 ni Wally Parks dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní Kalifọ́níà, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi títì gbogboogbò ṣe pápá eré lè kúrò níbẹ̀.

Ìsọ̀rí pọ̀ nínú eré yìí. Èyí tó kàn wá ni Stock, ìyẹn ìsọ̀rí ọkọ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Àtúnṣe tí òfin bá yọ̀ǹda nìkan ni olówó ọkọ̀ lè ṣe. Wọn yóò wọn ọkọ̀ náà, wọn yóò pín ìwọ̀n rẹ̀ sí iye agbára ẹṣin tí wọ́n kà sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ohun tó bá jáde ni yóò sọ irú ọkọ̀ tí yóò bá figagbága.

KÍ LÓ MÚ WÁGỌ́N DÉBẸ̀?

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ni ọkọ̀ ẹlẹ́rù ń wá nídìí eré ìje. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1960 sí 1970, ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ló wá Chevrolet wágọ́n ti ọdún 1955 sí 1957 rí lọ síbi ìdíje. Ìdí rẹ̀ kò le. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti àwọn ọkọ̀ náà. Bí ẹ̀yìn bá fúyẹ́, táyà yóò kàn máa yí lórí ilẹ̀ lásán, ọkọ̀ kò ní lọ. Wágọ́n ní irin àti gíláàsì púpọ̀ lẹ́yìn, ìwọ̀n yìí sì ń tẹ táyà mọ́lẹ̀ kó lè di ọ̀nà mú. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n tó jù náà lè gbé e lọ sí ìsọ̀rí tí àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ kò ti lágbára jù.

Pijó 504 tiwa náà kò yàtọ̀. Ọdún 1968 ni Peugeot kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní Faransé, ọdún 1975 sì ni ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀. Lọ́dún 1975 kan náà, Ove Andersson fi 504 gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti òun náà. Wágọ́n rẹ̀ gùn ju ti kekeré lọ: láti táyà iwájú sí táyà ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.90, nígbà tí ti kekeré jẹ́ 2.74. Sienna tó gba ipò rẹ̀ ní gáréèjì lónìí yàtọ̀, nítorí iwájú ló fi ń fa ara rẹ̀ ní tirẹ̀. Bí o bá di ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀, táyà tó ń fà á ni ò ń sọ di fúyẹ́.

ỌGBỌ́N INÚ RẸ̀

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò kéde iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ọkọ̀ rẹ̀ máa lò. Ẹ jẹ́ ká ní Pijó kan kéde 21, èkejì kéde 19.5. Iná yóò kọ́kọ́ tú ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan àbọ̀ ni yóò tó tú èkejì. Bí kálukú bá ṣe bó ti wí, wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin pọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tètè dáhùn iná ni yóò borí. Ẹni tó bá gbéra kí iná tó tú u sílẹ̀ ti kùnà. Ẹni tó bá sì yára ju iye tó kéde lọ, tí èkejì rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà ti kùnà.

Ẹ gbọ́ o! Ènìyàn lè pàdánù nítorí pé ó sáré jù. Ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀, tó mọ bí oòrùn ṣe ń ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti bí táyà rẹ̀ ṣe gbó tó, ló ń gba ẹ̀bùn.

ẸNI TÍ KÒ MỌ ỌKỌ̀ RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Kí ni awakọ̀ wa mọ̀ lọ́jọ́ náà? Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹná. Kò mọ̀ pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí búréèkì yóò gbà kí ọkọ̀ tó dúró a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan bá gba mítà 40 kó tó dúró, bó bá ń sá 120, mítà 90 ni yóò gbà. Ta ló fún un ní àádọ́ta mítà tó lé yẹn ní títì tí ọlọ́kadà ń yà sí láìwẹ̀yìn? Láti ọdún 1988 tí ìjọba ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kìlọ̀. Kìlómítà 90 ni òfin fi mọ fún takisí àti bọ́ọ̀sì, kódà ní ọ̀nà márosẹ̀.

Kì í ṣe pé mo kórìíra eré. Ó wù mí kí n rí Pijó wágọ́n méjì lórí pápá tí a ti sé, kí àwọn awakọ̀ àgbà tó ti fi ogún ọdún wà á kéde iye tiwọn, kí a sì rí ẹni tó mọ tirẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n títì tí ìyá àgbà ń gbà lọ sílé kì í ṣe pápá. Bí ẹ bá ń lọ sílé lọ́dún yìí, tí dírẹ́bà yín bá wo ojú ẹlòmíràn tó sì tẹná, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ pariwo bí ìyá yẹn ti pariwo. Bó bá rẹ́rìn-ín, kí gbogbo ọkọ̀ bá yín pariwo.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àjò á dára o.