Lẹ́ńsì Gbogbonìṣe: Bí Olùwádìí Ṣe Lè Yan Lẹ́ńsì Kan fún Àwòrán Yíyà ní Ìrìn-àjò

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ti gba àpilẹ̀kọ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ wo ọdún ìbílẹ̀, tí àwòrán inú rẹ̀ kò sì fi ojú ẹnikẹ́ni hàn. Ọdún náà ti kọjá. Àwọn tó ṣe é kò ní í tún un ṣe títí di ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ tí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wọlé kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Kámẹ́rà ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rù, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́ńsì, ìyẹn awò tó wà lójú kámẹ́rà, ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Lẹ́ńsì súùmù tí àwọn arìnrìn-àjò fẹ́ràn nítorí pé ó ń ya ohun tó súnmọ́ àti ohun tó jìnnà ni iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò. Ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó máa ń wáyé nínú oṣù kẹjọ, ni a ó fi dán an wò.

Àwọn ẹlẹ́wé ọmọ a máa ta àgbo kan tí wọ́n ń pè ní gbogbonìṣe: ó ń wo ibà, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo inú rírun. Orúkọ yìí bá lẹ́ńsì náà mu. Olùrà tó gbọ́n a sì máa béèrè ohun tó wà nínú ìgò kí ó tó mu ún.

Ní 1992 ni ilé-iṣẹ́ Tamron ti Japan gbé lẹ́ńsì 28-200mm jáde fún kámẹ́rà onífíìmù. Nikon gbé 18-200mm jáde ní 2005, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 560. Nígbà tó di 2017, Tamron ti fà á dé 18-400mm.

Àwọn nọ́ńbà ara lẹ́ńsì

Bí nọ́ńbà mìlímítà bá ṣe kéré tó ni ohun tí lẹ́ńsì ń rí ṣe ń fẹ̀ tó. Bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra tó. Lẹ́ńsì 18-200 ti Nikon yìí ń rí ibi tó fẹ̀ tó dígírì 76 ní ìbẹ̀rẹ̀, dígírì 8 péré ló sì ń rí ní ìparí.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọ̀nyí kò dá nìkan sọ̀rọ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni ohun pẹlẹbẹ inú kámẹ́rà tó gba ipò fíìmù, títóbi rẹ̀ kò sì dọ́gba lára gbogbo kámẹ́rà. Lórí sẹ́ńsọ̀ kékeré ti Nikon, Sony àti Fujifilm, a ó sọ nọ́ńbà lẹ́ńsì di ìlọ́po 1.5 kí a tó lè fi í wé ti sẹ́ńsọ̀ ńlá. Ti Canon jẹ́ 1.6. Nípa bẹ́ẹ̀, 18 di 27, 200 sì di 300. Ẹni tí kò mọ èyí lè ra lẹ́ńsì 28-200 sórí sẹ́ńsọ̀ kékeré, kí 28 rẹ̀ sì di 42, kó wá máa rí ìdajì ilé níbi tó yẹ kó ti rí odidi.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣìnà. Nọ́ńbà ńlá ni wọ́n ń lé: 300 sàn ju 200, 400 ta 300 yọ. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà kékeré ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ní ọjọ́ tí Arugbá bá gbé igbá Ọ̀ṣun jáde láti ààfin Àtáọ́ja, èrò a máa há gádígádí. Ẹni tó rí ibi dúró kò rí ibi fà sẹ́yìn sí. Ògiri tàbí ènìyàn ni ẹ̀yìn rẹ̀ yóò kàn. Ohun tí lẹ́ńsì kò bá rí níbẹ̀ kò lè wọ inú àwòrán mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n bí 200 kò bá fa Arugbá súnmọ́ tó, a lè gé etí àwòrán náà dànù lórí kọ̀ǹpútà kí ó lè tóbi sí i. Dídán rẹ̀ yóò dín díẹ̀, àmọ́ yóò ṣeé lò. Nítorí náà, lẹ́ńsì tó bẹ̀rẹ̀ ní 18 tó parí ní 140 sàn fún irú iṣẹ́ yìí ju èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 28 tó parí ní 300 lọ. Gígùn lẹ́ńsì kò sì rọ́pò ìyọ̀ǹda: ohun tí awo kò bá fẹ́ kí ọ̀gbẹ̀rì rí, kì í ṣe ohun tí a ó fi súùmù yà láti ẹ̀yìn igi.

Ìmọ́lẹ̀

Nọ́ńbà tó ní lẹ́tà f, bíi f/3.5-6.3, ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe lè là tó. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i. Nígbà tí a bá fa lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ dé ìparí, ìmọ́lẹ̀ tó lè gbà wọlé kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí olùrà fi ń san owó gígùn nìyẹn.

Nínú oòrùn gangan, owó náà kò pọ̀. Bí a bá fi ISO, ìyẹn bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 100, f/6.3 ṣì ń jẹ́ kí ìlẹ̀kùn kámẹ́rà ṣí kó sì padé láàárín ìdá kan nínú 640 ìṣẹ́jú-àáyá. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi kún àwọn ibi ogún àgbáyé ní 2005, kì í ṣe gbangba. Igi ńláńlá ló ṣíji bo ọ̀pọ̀ ère tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ síbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ abẹ́ igi bá kù sí ìdá kan nínú 32 ti ìta, 1/640 yóò di 1/20. Kí ìlẹ̀kùn tó padé, ọwọ́ ti gbọ̀n, oníjó ti yí padà. Òfin àwọn ayàwòrán ni pé kí ìyára ìlẹ̀kùn má lọ sílẹ̀ ju ìdá kan nínú nọ́ńbà lẹ́ńsì lọ. 200 tó ti di 300 ń béèrè 1/300. Bí a bá gbé ISO lọ sí 1600, 1/20 yóò di 1/320, àwòrán náà yóò sì máa ní hóró díẹ̀ bí iyanrìn. Àwòrán oníyanrìn sàn ju èyí tó rú lọ.

Àwọn olùtajà a máa tẹnu mọ́ ẹ̀rọ amúdúró inú lẹ́ńsì, tí Nikon ń pè ní VR, tí Canon ń pè ní IS, tí Tamron ń pè ní VC. Gbígbọ̀n ọwọ́ ayàwòrán ni ó ń dí lọ́wọ́. Ó wúlò púpọ̀ fún ère àti ògiri, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹsẹ̀ oníjó dúró. Ẹni tó bá gbójú lé e láti ya onídùndún ní 1/20 yóò rí ìlù tó mọ́ kedere, kọ̀ǹgọ́ a sì dà bí èéfín.

Ìdí nìyí tó fi dára kí lẹ́ńsì kékeré kan tí kì í súùmù wà nínú àpò. Nikon gbé 35mm f/1.8 jáde ní 2009 fún sẹ́ńsọ̀ kékeré; gíráàmù 200 péré ni. Òun ni a ó lò nínú ilé àti nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Èé ṣe tí a kò wá kó lẹ́ńsì mẹ́ta mẹ́rin dání? Ẹni tó wà láàárín èrò kò rí ibi gbé àpò kalẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń kán, tàbí tí ọyẹ́ bá ń gbé eruku káàkiri, gbogbo ìgbà tí a bá yọ lẹ́ńsì ni sẹ́ńsọ̀ ń wà ní ìhòòhò.

Ní ọjà

Kí ẹni tó ti ní kámẹ́rà tó náwó, kí ó ṣí àwọn àwòrán tó ti yà sẹ́yìn lórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà mìlímítà tó lò wà nínú àkọsílẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò bá kọjá 70, kò sí ohun tó fẹ́ fi 400 ṣe. Kí ó sì rántí pé lẹ́ńsì Nikon kò wọ ẹnu kámẹ́rà Canon.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ lè rà, ó sì ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Kí olùrà dojú lẹ́ńsì kọlẹ̀, kí ó wò ó bóyá yóò máa yọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára 18-200 ti 2005. Ìgbà tí Nikon tún un ṣe ní 2009 ni ó fi ìdè sí i. Kí ó ya ògiri oníbúlọ́ọ̀kù ní 18: ìlà yóò tẹ̀ díẹ̀ létí, èyí tí kọ̀ǹpútà lè tún ṣe, ṣùgbọ́n bí apá ọ̀tún bá mọ́ tí apá òsì rú, lẹ́ńsì náà ti ṣubú rí. Kí ó tan iná tọ́ọ̀ṣì gba inú awò náà kọjá. Bí ó bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, awò náà ti bu, kí ó dá a padà fún onítọ̀hún. Ọ̀rinrin ló ń fa bíbu. Nígbà òjò, inú ike tó ní ìdérí ni kí lẹ́ńsì máa sùn, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké oníhóró funfun tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun.