Bí a ṣe ń fi ẹrẹ̀ àti òkúta bo àbùkù ọkọ̀ agolo



Ẹ mọ̀ pé ní Ìdáàṣà níbí ni ọ̀nà tó ti Kútọnu bọ̀ ti pín sí méjì. Ọ̀kan gba Ṣábẹ̀ lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Natitingou. Láti ọdún 2022 tí ìjọba ti rán sójà púpọ̀ lọ ṣọ́ ààlà ní àríwá, àwọn ọmọ wa a máa wo kamíyọ̀ wọn lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á gé agolo, wọ́n á ṣe tiwọn. Rọ́bà bàtà ni wọ́n fi ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọkùnrin ìyá kan tó ń bá wa kàwé ṣe ọ̀kan. Sójà ni bàbá rẹ̀, òkè lọ́hùn-ún ló wà. Ọmọ fẹ́ kí bàbá bá ọkọ̀ náà nílé. Ewúrẹ́ bá tẹ̀ ẹ́! Ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì já, ilẹ̀kùn rún. Agolo ti ya níbi tí irin ẹsẹ̀ gbà kọjá, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ọmọ kò jẹun alẹ́.

Mo bi í pé: "Níbo ni ẹsẹ̀ kamíyọ̀ kì í ti í hàn?" Ó ní: "Nínú ẹrẹ̀."

Bí a ti ṣe é nìyí. A wá pátákó kan. A kọ́kọ́ fi ọ̀dà kun ọkọ̀, nítorí omi ẹrẹ̀ á mú agolo dípẹtà. A sẹ́ ilẹ̀ pupa, a pò ó mọ́ yanrìn àti omi gbágùúdá tí a sè títí ó fi ki. Yanrìn ni kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ là bó bá gbẹ. A ri ẹ̀gbẹ́ tó bàjẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o: ẹ̀gbẹ́ tó rì gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró gbọnrangandan, ojú á fura. Ẹ ta ẹrẹ̀ sí àwọn ẹsẹ̀ yòókù náà, kí ẹ sì fa ipa ọkọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹrẹ̀ tó gbẹ.

Ìwọ̀n ló ṣòro jù. Kamíyọ̀ gidi lè gùn tó mítà 7. Tiwa jẹ́ sàǹtímítà 35, ìyẹn ni pé ti gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po 20. Ènìyàn tó ga ní mítà 1 àti sàǹtímítà 70 yóò di sàǹtímítà 8 ààbọ̀. Òkúta bíi hóró àgbàdo á di òkúta tí à ń fi ọwọ́ méjì gbé. Èyí tó tó ìkúùkù á di àpáta tó ga tó ènìyàn. Irú rẹ̀ kan, tí a ṣà nísàlẹ̀ òkè, la fi bo ilẹ̀kùn tó rún.

Sójà gidi a máa fi ẹ̀ka igi bo ọkọ̀ kí ọ̀tá má bàa rí i, nítorí náà ewé díẹ̀ lórí ọkọ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n ewé tútù tóbi jù, á sì rọ. Ẹ họ nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń hù lára àpáta nígbà òjò, kí ẹ sá a gbẹ. Ẹ má sì ṣe é jù. Èmi kọ́kọ́ bo gbogbo ọkọ̀, ọmọ náà fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní igbó ni mo ṣe. (Ẹni tó bá fẹ́ tà á, kó sọ fún oníbàárà ohun tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀.)

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọjọ́ òmìnira, a gbé e sórí tábìlì kíláàsì. Ìyá àgbà kan wò ó títí, ó ní: "Ta ni yóò wá fà á jáde?"

Lọ́jọ́ kejì ọmọ náà mọ ènìyàn amọ̀ mẹ́ta, ó fi okùn òwú so wọ́n mọ́ iwájú ọkọ̀. Ó ní bàbá òun ni ti iwájú. Ó ga ju sàǹtímítà 8 ààbọ̀ lọ dáadáa. N kò sọ nǹkan kan.