Fóònù Tí A Mú Dání àti Ilé Tí A Fi Sílẹ̀

Ní ọdún 2001 tí fóònù GSM dé Nàìjíríà, ẹni tó bá mú ọ̀kan lọ́wọ́, ẹni ńlá ni. Lónìí, tọmọdé tàgbà ló ń lò ó. Orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni a wá fi ń wọn ara wa.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa tó ń tajà lọ́jà New Benin, Tecno tàbí itel ni wọ́n ń lò. Transsion, ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣáínà, ló ni méjèèjì àti Infinix. Síìmù méjì ló ń gbà: ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún ará ilé, bí ọ̀kan bá yarí, èkejì á jẹ́. Bátìrì rẹ̀ a sì máa fara dà á bí iná bá lọ.

Àwọn ọmọ wa ní tiwọn, iPhone ni wọ́n ń lé. Nítorí àwòrán tó dán ni, àti nítorí iyì. FaceTime ni wọ́n fi ń pe ara wọn, AirDrop ni wọ́n fi ń pín àwòrán. Ẹni tó mú Samsung wà láàárín: owó rẹ̀ lè tó ti iPhone, ṣùgbọ́n Android tó wà nínú Tecno ló wà nínú rẹ̀.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ya àwòrán rẹpẹtẹ, wọ́n sì pín in láti iPhone sí iPhone. Ìyá àgbà tó ń dúró nílé pẹ̀lú Tecno rẹ̀ kò rí ojú ọmọ títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. WhatsApp wà lórí fóònù méjèèjì! Ẹ̀bi fóònù kọ́. A gbàgbé ẹni tó ń retí wa ni.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ gbèsè nítorí orúkọ fóònù. Bí ẹbí bá sì fẹ́ fi iPhone ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ kọ́kọ́ béèrè: láti orí iPhone 14 ti ọdún 2022, èyí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò ní ojú ihò síìmù, eSIM nìkan ló ń lò.

Àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Bí ẹsẹ̀ kò bá tíì lè lọ, ẹ jẹ́ kí ohùn lọ. Ta ni ẹ ti pè nílé lọ́sẹ̀ yìí?