Bí Ọmọ Bá Forí Gbárí Níbi Bọ́ọ̀lù, Ẹ Jẹ́ Kó Sinmi



Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá. Eré dára, ó ń fún ara lókun. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àwọn méjì á fò sókè sí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, wọn á forí gbárí. Ọ̀kan á ṣubú. Wọn á da omi sí i lórí, wọn á ní: «Dìde, ọkùnrin ni ọ́!» Á dìde, á padà sínú eré. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú orí?

Ẹ mú ẹyin, kí ẹ mì ín jìgìjìgì. Èèpo rẹ̀ lè má fọ́, síbẹ̀ inú rẹ̀ ti dàrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ nínú agbárí. Ẹ̀jẹ̀ lè má jáde, ọmọ lè má dákú, kí ọpọlọ sì ti fara pa.

Kí ni àmì rẹ̀?

Orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e. Ojú rẹ̀ lè ṣe bàìbàì. Ó lè máa béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí ni kí ẹ ṣe?

1. Ẹ mú un kúrò lórí pápá. Kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ní ara òun ti yá.
2. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ má fún un ní ọtí tàbí ásípírìnì.
3. Bó bá ń bì léraléra, bí gìrì bá mú un, bí orí fífọ́ bá ń le sí i, bí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá lágbára, tàbí bí a kò bá lè jí i lójú oorun, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀.
4. Bí ọrùn bá ń dùn ún, ẹ má fà á dìde. Ẹ tẹ́ ẹ gbọọrọ sórí pákó, kí orí rẹ̀ má mì.

Ẹni tó ti fara pa rí

Ẹni tí èyí ti ṣe rí, ó rọrùn kó tún ṣe é. Bí ó bá tún forí gbárí kí ti àkọ́kọ́ tó san, ọpọlọ lè wú, ó sì lè pa á. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, ẹ kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Ẹ fi han nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù.

Ọrùn ni òpó orí

Bí òpó kò bá lágbára, òrùlé á máa mì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ wọn agbára ọrùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eléré tó lé ní 6 700. Ní 2014, wọ́n kọ ọ́ jáde pé àwọn tí ọrùn wọn lágbára ni irú ìfarapa yìí kì í sábà ṣe.

Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè ṣe èyí: kó fi àtẹ́lẹwọ́ ti iwájú orí, kí orí má gbà, kó ka ení dé àrún. Kó tún ṣe é lẹ́yìn orí, lọ́tùn-ún àti lósì. Ṣùgbọ́n ọrùn líle kì í dáàbò bo orí tán. Ìsinmi ṣì ṣe pàtàkì.

Ọmọ tó sinmi lónìí ni yóò lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́la.

Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí èyí: ta ni yóò máa mú ọmọ tó fara pa kúrò lórí pápá ní abúlé yín?